Ilé Kérésì Tí Ewúrẹ́ Jẹ

Ewúrẹ́ ń rún nǹkan wómúwómú lẹ́yìnkùlé, mo rò pé èèpo iṣu ni. Ìgbà tí mo yọjú, yéè! Ilé Kérésì wa ni! Ilé tí èmi àti àbúrò mi fi imọ̀ ọ̀pẹ kọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, tí a fẹ́ jókòó sínú ẹ̀ jẹ ìrẹsì, wọ́n ti jẹ ẹ́ tán, ó ku igi lásán. Àárọ̀ Kérésì gan-an lèyí o! Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá mi sì ń bọ̀ láti Èkó lọ́sàn-án, mo ti yangàn fún wọn lórí fóònù títí. Mo bú sẹ́kún.

Màmá àgbà, ìyá tó bí màmá mi, jáde. Ó ti wọ léèsì funfun, òróró àgbọn ń ta sánsán lára ẹ̀. Ní gbogbo àdúgbò wa ní Ìkọ̀lé, òun ló máa ń kọ́kọ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Kérésì.

"Ta ló gbàgbé láti so ewúrẹ́?"

Àbúrò mi ní, "Ẹ̀yin ni, Màmá!"

Ó wọlé. Ìgbà tó máa jáde, ìró oko ló ró, àdá wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Mo ní, "Màmá, agogo ṣọ́ọ̀ṣì ti lù o!"

"Mo gbọ́, etí mi ò tíì di. Ṣé Jésù ò ní mọ̀ pé ulé ni mò ń kọ́ ni? Òun náà ò kúkú rí yàrá sùn sí lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Gbé okùn!"

Ó gé imọ̀ lára ọ̀pẹ kúkurú ẹ̀yìn ilé, òórùn ewé tútù gba gbogbo ibẹ̀. Ó ń hun ún bí ẹní. Orin ń ti ṣọ́ọ̀ṣì wá, ó ń gbè é, ọwọ́ ẹ̀ ò dúró. Ilé ti dúró kí wọ́n tó jáde ìsìn.

Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń kọjá lọ. "Ìyá, a ò rí yín o! Oorun gbé yín lọ ni?"

"Ẹ máa lọ jàre! Mo ti ṣe ìsìn tèmi."

Àwọn ará Èkó dé, àwa mẹ́fà há ara wa síbẹ̀, ìrẹsì ń dà sára. Háà, ayọ̀!

Kérésì òde òní, iná tó ń ṣẹ́jú, igi oníke, Bàbá Kérésì tó wọ aṣọ òtútù nínú ooru, mo fẹ́ràn gbogbo ẹ̀, mi ò ní purọ́! Ṣùgbọ́n ohun tí Màmá ṣe lọ́jọ́ yẹn ò kúrò lára mi. Lọ́dún tó kọjá, mo ṣèlérí fún ọmọ aládùúgbò wa pé màá dirun Kérésì fún un, mo gbàgbé pátápátá. Mo ti múra, mò ń lọ síbi kárọ́ọ̀lù, ni mo rí i lẹ́nu ọ̀nà, orí ẹ̀ rí wúruwùru, ó fẹ́ sunkún. Mo jókòó sórí àpótí, mo ní kó wá sáàárín orúnkún mi. Kárọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ láìsí mi. Mò ń dirun, mò ń kọrin, inú mi ń dùn ṣìnkìn.