Kérésìmesì Nílé Òṣìṣẹ́ Rélùwéè

N kò fẹ́ràn Kérésìmesì, n ò sì ní purọ́ nítorí ẹnì kankan. Gbogbo ilé ládùúgbò wa ní Manchester, ọjọ́ yẹn ni bàbá máa ń jókòó sílé. Tiwa kọ́. Iṣẹ́ títún ojú irin ṣe ni Dádì ń ṣe, Kérésìmesì sì ni ọjọ́ tí ọkọ̀ ojú irin kì í rìn rárá. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n máa ń hú irin tó ti jẹ, tí wọ́n á fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Dádì lọ̀gá àwọn tó ń hú u, ta ni yóò wá fún un láyè?

Abẹ́òkúta sì ni gbogbo ọkàn Mọ́mì wà. Ọjọ́ ọdún yẹn ni àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ máa ń pé jọ. Màmá Abẹ́òkúta, ìyá tó bí i, máa ń sin tòlótòló kan dè é. Bí ọdún bá kọjá tí kò rí i, á gbé e fún ṣọ́ọ̀ṣì, á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í sin òmíràn.

Ẹ lè ní kí ló dé tí kò dá lọ. Èmi náà bi í, nígbà tí mo dàgbà tó láti yájú.

"Kí n dá wọ Abẹ́òkúta lọ́jọ́ ọdún? Kí wọ́n ní ọkọ ti lé mi?"

Bàbá rẹ̀ kò fẹ́ Dádì fún un. Wọ́n ní ọjọ́ kan ń bọ̀ tó máa dá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà wálé. Mọ́mì wá búra pé òun àti ọkọ òun làwọn jọ máa wọlé.

Bí òtútù bá ti dé, Mọ́mì á bi Dádì nídìí oúnjẹ.

"Dádì, ẹ ti bá manager yín sọ̀rọ̀?"

"Wọ́n ní line yẹn ò ṣeé fi sílẹ̀. Jẹ́ kó di next year."

"Kò burú, sà."

Ó burú. Gbogbo wa la mọ̀ pé ó burú.

Màmá Abẹ́òkúta kú lásìkò òjò. Wọ́n ti sin ín tán kí ẹ̀gbọ́n Mọ́mì tó fóònù. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kó gbọ́ ọ lójijì nílùú òyìnbó. Mọ́mì gbé fóònù sílẹ̀, ó lọ fọ aṣọ iṣẹ́ Dádì tó ti rẹ sómi.

Kò pẹ́ sí i ni ìjọba ta rélùwéè, wọ́n sì ní kí Dádì àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa lọ sílé. Kérésìmesì ọdún yẹn, ó wẹ̀, ó wọ aṣọ òkè, ó jókòó sí pálọ̀ bí àlejò.

"Mọ́mì, àyè ti wà báyìí o. Next year, Abẹ́òkúta la máa ṣe é."

Mọ́mì jáde láti kíṣìnì. Aṣọ nọ́ọ̀sì tó máa ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní ọsibítù ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ gbé ìrẹsì síwájú ọkọ rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe.

"Ta la fẹ́ lọ bá níbẹ̀, sà? Mo ti sọ fún wọn ní ward pé kí wọ́n máa fi iṣẹ́ ọjọ́ Christmas fún mi. Gbogbo ẹ̀, títí màá fi retire."

Ó mú kóòtù rẹ̀, ó jáde. Dádì wò mí bíi pé kí n sáré tẹ̀ lé e, kí n bá òun bẹ̀ ẹ́. Mi ò dìde. Màmá Abẹ́òkúta ló yẹ kó gbọ́ ẹ̀bẹ̀ yẹn, ó sì ti wà nínú ilẹ̀.