Ẹni Tí Mo Pè ní Èbúté Àgbádárìgì

Bí ẹ bá fẹ́ pè mí ní òpùrọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Ojú mi méjèèjì yìí ló rí i, ọ̀sán gangan sì ni. N kò tòògbé, n kò sì mu ọtí rí láyé mi. Ọmọ mi kan sọ pé ibà ló ń ṣe mí nígbà náà. Ibà! Ṣé ibà ló máa ń fi ẹsẹ̀ tútù rìn nílẹ̀ ilé? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀.

Sẹ̀kọ́ńdì ni wọ́n bí mi sí, ní ilẹ̀ Gáná, nígbà tí wọ́n ṣì ń pè é ní Gòólù Kóòsì. Ọmọ Ọ̀jọ́ ni bàbá mi. N kò tíì dé Ọ̀jọ́ rí nígbà náà, ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ ni wọ́n fi tọ́ wa dàgbà: ọ̀sà, àgbọn, àti oko wọn ní Òkòkómaikò, níbi tí àdá ti gé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òsì wọn jábọ́ nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́. Bí wọ́n bá wẹ̀ tán tí wọ́n rìn kọjá lórí sìmẹ́ńtì, ìka mẹ́rin péré ni ẹsẹ̀ òsì wọn máa ń tẹ̀. A máa ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀, àwọn náà á sì rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ń tún sọ. "Ẹ má jẹ́ kí n sùn sójú ọ̀nà. Ẹ gbé mi délé."

Sẹ̀kọ́ńdì náà ni wọ́n kú sí, ibẹ̀ la sì sin wọ́n sí. Ẹ sáà mọ àṣà wa. Bí èèyàn bá kú sí ìdálẹ̀ tí a kò lè gbé òkú rẹ̀, a ó gé irun àti èékánná rẹ̀, a ó lọ sin ín sílé. Ẹni náà gan-an ló délé yẹn. Èmi ni àkọ́bí, n kò sì tíì lọ́kọ, iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe. Èmi ló kàn.

Màmá mi di irun àti èékánná náà sínú aṣọ funfun, wọ́n so ó mọ́ mi láyà, wọ́n wá sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí mi létí. "Gbogbo omi tí o bá dé, pè wọ́n kí o tó wọkọ̀. Wọn ò lè dá a kọjá. Má sì pe 'Bàbá' o. Oríkì wọn ni kí o pè. 'Àjàní, ọmọ Ọ̀jọ́, omi rèé, ẹ jẹ́ ká lọ.'"

Ẹnu mi wúwo. Ta ló ń la ẹnu pe bàbá rẹ̀ ní Àjàní bí ẹni ń pe àbúrò? Ṣùgbọ́n mo pè é. Mo pè é nígbà tí a fẹ́ kọjá odò Fóltà, mo pè é ní gbogbo omi títí a fi dé Pọtonófò. Bí mo bá ti pè é tán, ara mi á fúyẹ́.

Àgbádárìgì ni mo ti bà á jẹ́.

Ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ Ọ̀jọ́ ti kún. Tíṣà kan jókòó tì mí, ọ̀dọ́kùnrin tó mọ́ tónítóní, ó ń pa mí lẹ́rìn-ín. Kí n má purọ́ fún yín, ojú rẹ̀ wù mí. N kò fẹ́ kó gbọ́ bí mo ṣe ń bá ìdì aṣọ sọ̀rọ̀ bí wèrè. Mo ní a kúkú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé, wọ́n á mọ̀ fúnra wọn. Mo pa ẹnu dé.

Ọkọ̀ ṣí. Mo bojú wẹ̀yìn. Bàbá kan dúró lórí pákó èbúté, agbádá funfun ló wà lọ́rùn rẹ̀. Òwú aláwọ̀ búlúù ló yí ọrùn agbádá náà ká. Ẹ gbọ́ o: èmi ni mo rán agbádá tí a fi sin bàbá mi. Òwú funfun tán lọ́wọ́ mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn, búlúù ni mo fi parí ọrùn rẹ̀.

Ó gbé ọwọ́ sókè sí wa. Mo sọ fún ara mi pé bàbá ẹlòmíràn ni, mo yí ojú padà sí tíṣà.

Ní Ọ̀jọ́, Ìyá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, ló jáde sí mi. Ojú wọn ti fọ́. Wọ́n fi ọwọ́ wá ojú mi títí wọ́n fi kan imú, wọ́n bú sẹ́kún. "Imú Àjàní nìyí! Àbúrò mi dé!" Láti ọjọ́ tí bàbá mi ti kúrò nílé ni wọ́n ti ń gbá yàrá rẹ̀, ẹní rẹ̀ ṣì wà ní títẹ́.

"Ṣé o pè é ní gbogbo omi?"

"Mo pè wọ́n, mà."

Irọ́ tí mo pa nìyẹn. Lórí irọ́ yẹn ni wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ yàrá náà tí wọ́n sì sin ìdì aṣọ náà. Ìyá Àgbà gbé abọ́ omi kan sílẹ̀ níbẹ̀ kí òùngbẹ ọ̀nà má baà pa á. Ní àràárọ̀ ni wọ́n ń ti ìka bọ abọ́ náà. Ó kún bó ṣe wà. "Kò tíì wọlé," ni wọ́n ń wí. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ karùn-ún, wọn ò jẹun mọ́, wọn ò sì lè dìde lórí ẹní. Wọ́n fà mí mọ́ra.

"Ọmọ mi, ibo lo fi í sí?"

Ìtìjú fẹ́ pa mí. Mo ní mo fẹ́ lọ kí àbúrò bàbá mi ní ìlú Ìbà, pé màá sùn níbẹ̀ lọ́jọ́ méjì. Àgbádárìgì ni mo gbà lọ.

Ọ̀sán pọ́n kanrí nígbà tí mo dé èbúté. Kò sí ẹnikẹ́ni lórí pákó. Àwọn obìnrin kan ń fọ aṣọ nítòsí, atukọ̀ kan, ará Ẹ̀gùn, ń dúró dè mí. Ẹ wo bí mo ti ya òmùgọ̀ tó: ojú tún ń tì mí! Mo tẹrí ba, mo sọ ọ́ sínú, "Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ ká lọ sílé."

Ọkọ̀ náà tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ gbà mí gbọ́, ó rì díẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn bá wọ inú rẹ̀. Atukọ̀ wo iwájú ọkọ̀ níbi tí kò sí ẹnìkan, ó wá wò mí.

"Sìsí, ta lẹ pè?"

"Bàbá mi ni."

Ó ń yára tukọ̀ títí a fi dé Ọ̀jọ́. Bí mo ti sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bomi fọ ibi tí kò sí ẹni tó jókòó sí.

N kò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí mo fi gbọ́ igbe Ìyá Àgbà. "Ó ti wọlé! Àbúrò mi ti wọlé!" Wọ́n ti dìde. Abọ́ omi ti gbẹ. Wọ́n jẹun lọ́jọ́ náà, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Mo sunkún ayọ̀ títí ojú mi fi wú.

Lójoojúmọ́ ní ọ̀sán, Ìyá Àgbà á wọ yàrá náà, wọ́n á máa bá a sọ̀rọ̀. Mo máa ń gbọ́ ikọ́ ọkùnrin. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n sọ fún mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ó ń bi mí pé ilé ta nìyí. Ṣé ikú máa ń mú èèyàn gbàgbé ilé ni?"

Mo ní bóyá àárẹ̀ ọ̀nà ni.

Ní ọjọ́ kẹta, gbogbo ilé ti lọ sí oko ní Òkòkómaikò, ó ku èmi àti Ìyá Àgbà. Mo rí ipa ẹsẹ̀ tútù lójú ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, láti ibi ìkòkò omi títí dé ẹnu yàrá. Mo bẹ̀rẹ̀, mo wo ti òsì. Mo ka ìka rẹ̀. Mo tún un kà.

Márùn-ún ni. Àtàǹpàkò rẹ̀ pé, ó fẹ̀, ó tẹ ilẹ̀ dáadáa.

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ màmá mi tó yé mi. Èbúté Àgbádárìgì, níbi tí wọ́n ti ń kó èèyàn lẹ́rú sínú ọkọ̀ láyé àtijọ́! Bàbá mélòó ni kò padà sílé mọ́ láti etí omi yẹn? Èmi wá dúró níbẹ̀, mo ń pe "Bàbá".

"Ta ló wà níta?" Ìyá Àgbà ló ń pè mí láti inú yàrá. Inú wọn ń dùn, mo gbọ́ ọ lóhùn wọn. "Wọlé wá kí bàbá rẹ."

Ikọ́ náà dún. Ó ń dúró dè mí. Bí mo bá sọ òtítọ́, Ìyá Àgbà kò ní rí ọjọ́ kejì. Mo kúnlẹ̀ síta.

"Ẹ kú ilé, sà."

Ohun kan dáhùn. N kò ní sọ ohùn tó fi dáhùn fún yín.

Mo di ẹrù mi lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí mo dé èbúté Àgbádárìgì, bàbá mi dúró lórí pákó. Agbádá funfun, òwú búlúù. Omi ń kán lára wọn. Wọ́n sún mọ́ mi, wọ́n rọra bi mí pé, "Ṣé wọ́n ti tẹ́ ẹní mi?"

Ibo ni màá mú wọn lọ? Mo wọ ọkọ̀ Pọtonófò, n kò pè wọ́n. Ìgbà kejì tí mo fi wọ́n sílẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ bá gbé irun àti èékánná èèyàn yín dání, ẹ pe oríkì rẹ̀, ẹ pè é sókè, kí gbogbo ọkọ̀ fi yín rẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá sì gba etí omi yẹn kọjá lọ́sàn-án, tí bàbá kan tó ní òwú búlúù lọ́rùn aṣọ bi yín ní ọ̀nà Ọ̀jọ́, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ẹ má sọ fún wọn pé ẹnì kan ti ń sùn lórí ẹní wọn.