Afẹ́fẹ́ tí Jàbárù Fi Kún Táyà

Bí o bá ń wá Jàbárù fọkanáísà ní ọdún 1984, ẹ̀bá ọ̀nà Wuye ní Àbújá ni wàá ti rí i. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó mọ iṣẹ́, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Kì í jẹ́ kí táyà rírọ̀ kúrò lọ́dọ̀ òun. Bó bá fẹ́ ẹ tán, á fi òòlù gbá a, á tẹ́tí, á ní, "Ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀." Lójú tirẹ̀, kí mọ́tò gbé táyà rírọ̀ jáde dà bí ìgbà tí ìyàwó ilé gbé ẹ̀bà tí kò dì síwájú àlejò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Ọbayẹmí gbé Lándírófà wá. Ará Kàbbà ni, dírẹ́bà ilé iṣẹ́ kan tó ń wọn ilẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń dán an wò lórí mọ́tò náà, ọjọ́ yẹn ló sì pé. Bó bá gbé ẹnjiníà lọ tó sì gbé e bọ̀ láyọ̀ lọ́jọ́ náà, iṣẹ́ di tirẹ̀.

Ó sọ fún Jàbárù pé, "Bàbá Ràdíátù, ẹ bá mi dín afẹ́fẹ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kù sí ìdajì. Iyanrìn odò tó wà lẹ́yìn Dutse Alhaji la fẹ́ gbà. Bí táyà bá rọ̀, á tẹ́ sórí iyanrìn, kò ní rì. Bó bá le, ilẹ̀ ni yóò máa gbẹ́."

Jàbárù dín in kù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí Ọbayẹmí ṣe lọ jẹ ẹ̀wà lódìkejì ọ̀nà, dírẹ́bà mìíràn ń kọjá, ó wo Lándírófà, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Kai, Jàbárù, ṣé àárẹ̀ mú ọ ni? Gbogbo táyà ló dùbúlẹ̀ yìí."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Jàbárù lára. Ta ni yóò máa ṣàlàyé fún gbogbo ayé pé iyanrìn ni mọ́tò ń lọ? Ó tan ẹ̀rọ, ó fẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà títí wọ́n fi dún. Nígbà tí Ọbayẹmí dé, Jàbárù ní, "Ó ti tán." Ẹnjiníà ti ń dúró, Ọbayẹmí kò bẹ̀rẹ̀ wo táyà, ó dúpẹ́, ó wakọ̀ lọ.

Ìròyìn dé lọ́jọ́ kejì. Mọ́tò rì dé ìdí láàárín iyanrìn. Ẹnjiníà fẹsẹ̀ rìn nínú oòrùn ọ̀sán padà sí Dutse Alhaji, ó ní ẹni tí kò mọ̀ pé à ń dín táyà kù kí a tó wọ iyanrìn kì í ṣe dírẹ́bà. Wọ́n gba Lándírófà lọ́wọ́ Ọbayẹmí, wọ́n ní kó máa wa táńkà omi.

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ojú ti Jàbárù débi pé kò lè wo Mùlíkàt ìyàwó rẹ̀ nígbà tó bi í ní ìdí tí kò fi jẹun. Ó pinnu pé òun yóò lọ jẹ́wọ́ fún ẹnjiníà. Ó lọ lẹ́ẹ̀kan, ó yà padà lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ wọn. Ó tún lọ, ó bá ẹnjiníà níta, ọkùnrin náà sì béèrè ohun tó fẹ́.

"Mo ní kí n wá kí yín ni, sà."

Ó ń bú ẹnu ara rẹ̀ títí tó fi délé.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, táńkà omi dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ọbayẹmí sọ̀ kalẹ̀, ó kí i bó ṣe máa ń kí i.

"Dírẹ́bà," ni Jàbárù wí, "ọ̀rọ̀ táyà ọjọ́ yẹn..."

"Mo mọ̀, Bàbá Ràdíátù. Nígbà tí mọ́tò rì, tí mo fi igi ìṣáná tẹ fáàfù ẹnu táyà, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń tú jáde títí ó fi sú mi. Bó ṣe rọ̀ ni mọ́tò jáde. Ẹnjiníà ti lọ nígbà náà."

"Kí ló dé tí o ò dárúkọ mi fún un?"

"Kí n ní mi ò yẹ táyà mọ́tò mi wò kí n tó gbéra? Ìyẹn náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ dírẹ́bà."

Ọbayẹmí fi ẹsẹ̀ kan táyà iwájú táńkà náà.

"Ẹ fẹ́ èyí kó le dáadáa. Orí ọ̀nà ọlọ́dà nìkan ló ń rìn."

Kò lọ jẹ ẹ̀wà lọ́tẹ̀ yìí. Ó dúró síbẹ̀, ó ń wo ọwọ́ Jàbárù títí iṣẹ́ fi parí. Jàbárù ká rọ́bà ẹ̀rọ rẹ̀, kò gbójú sókè, kò sì fọwọ́ kan òòlù.