Ọjọ́ tí Wọ́n Bá Mi Tẹ Epo

Mi ò fẹ́ràn kí ènìyàn máa kẹ́ mi. Láti kékeré ni mo ti rí bẹ́ẹ̀. Bí orí bá ń fọ́ mi, ẹ fi mí sílẹ̀ kí n kanra mọ́ gbogbo ará ilé tán, ara mi á yá. Ṣùgbọ́n èyí tí ọkàn mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe láyé ìjọba sójà yẹn, ìkanra ò wò ó.

Epo pupa ni mò ń ṣe lábúlé wa, nítòsí Araromi-Obu. Inú ẹkù ni a ti ń ṣe é, kòtò tí a ń da ẹyìn sísè sí, tí a ó máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí epo yóò fi jáde. Bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́ títí tí òógùn bò mí, ọkàn mi á kọsẹ̀. Á lù, á lù, á dákẹ́ bí ẹni pé ó gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré bí ewúrẹ́ tí wọ́n lé nídìí gbàgúdá. Ojú mi á ṣókùnkùn. Màá di etí ẹkù mú títí á fi kọjá. Bí mo bá sì jókòó jẹ́ẹ́, kò ní ṣe nǹkan kan.

Ẹ̀rù bà mí, kí n má purọ́. Inú ẹkù ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kú sí. Ó ń kọrin lọ́wọ́ ni, orin dákẹ́, a rò pé ó ń sinmi. Ká tó gbé e jáde, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Èmi ni mo kó àwọn ọmọ rẹ̀ mọ́ tèmi. Bí èmi náà bá lọ báyẹn, ta ni yóò kó gbogbo wọn jọ?

Ọkọ mi ló mú mi lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan tó jìnnà sí wa. Ìlú le nígbà náà. Ẹni tó bá ń lọ ilé ìwòsàn, òun ni yóò ra abẹ́rẹ́ àti òwú dání. Bátìrì tí wọ́n fi sínú ẹ̀rọ tí wọ́n fẹ́ fi wo ọkàn mi, àwa la rà á. Ẹ̀rọ náà ò ju rédíò kékeré lọ, kásẹ́ẹ̀tì wà nínú rẹ̀ tí yóò máa gba bí ọkàn mi ṣe ń lù sílẹ̀. Dókítà, ọmọ kékeré kan báyìí, lẹ wáyà mọ́ mi láyà káàkiri, ó fi bẹ́líìtì de ẹ̀rọ náà mọ́ mi nídìí.

Ó ní, “Mà, ó di ọ̀sán ọ̀la kí ẹ tó bọ́ ọ. Ẹ má wẹ̀. Ẹ má sì sinmi o. Iṣẹ́ tí ẹ máa ń ṣe tó fi ń ṣe yín, òun gan-an ni kí ẹ ṣe. Bí ọkàn yín ò bá kọsẹ̀ lójú ẹ̀rọ yìí, mi ò lè mọ oògùn tí màá fún yín. Oògùn ọkàn, bí a bá ṣì í lò, ó ń pani.”

Mo ní mo gbọ́. Ẹyìn mi wà nílẹ̀, a ti sè é. Bílẹ̀ bá ti mọ́ báyìí, inú ẹkù yá.

Nígbà tí a dé Ore, àwọn sójà ní kí gbogbo wa sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò. Ọ̀kan rí wáyà lọ́rùn mi, ó na ìbọn sí mi. “Wetin be dat?” Mo ní, “Ọkàn mi ni!” Ọkọ mi ti dọ̀bálẹ̀ sórí títì, ó ń bẹ̀bẹ̀. Àyà mi ń já pì-pì-pì, ṣùgbọ́n kò kọsẹ̀. Ẹ ò rí ayé, ẹnu ìbọn gan-an ò tó nǹkan lójú rẹ̀, àfi ẹkù.

Ìyá ọkọ mi la ń pè ní Ìyé. Bí a ti délé tó rí wáyà lára mi, ó figbe ta. “Yéè! Kí ni wọ́n so mọ́ ọmọ mi láyà?”

Mo ṣàlàyé títí. Mo ní, “Ìyé, wọ́n ní kí n ṣiṣẹ́ ni o.”

“Dókítà wo ni yóò ní kí aláìsàn ṣiṣẹ́? O ò gbọ́ ọ dáadáa ni.” Ó mú ìborùn rẹ̀, ó jáde.

Mo mọ ibi tó ń lọ, inú mi sì bà jẹ́. Àwa obìnrin abúlé náà ń ṣe àáró. A ó pé tẹ epo ẹnì kan lónìí, ká tún pé tẹ ti ẹlòmíràn. Bí ọ̀kan nínú wa bá ń ṣàìsàn, àwọn ìyókù ni yóò ṣe tirẹ̀ fún un, kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan. Bó bá fọwọ́ kàn án, ó ní àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ò tó ṣe é nìyẹn. Wọn kì í gbàgbé irú àbùkù bẹ́ẹ̀.

Kí n tó jí, wọ́n ti wà nínú ẹkù mi. Wọ́n gbé àpótí fún mi lábẹ́ igi, wọ́n ní kí n jókòó. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tẹ díẹ̀. Wọ́n ní rárá o, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Mo gbé garawa, wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi. Mo ní kí n sáré lọ sódò, Ìyé di aṣọ mi mú. Ìgbà tó sú mi, mo wá ìjà. Mo bú wọn! Mo ní ẹsẹ̀ wọn dọ̀tí, mo ní epo wọn kì í dára lọ́bẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní, “Àìsàn ló ń sọ̀rọ̀, ẹ má dá a lóhùn.” Wọ́n ń tẹ epo mi, wọ́n ń kọrin, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ń yí nídìí mi, ọkàn mi ń lù jẹ́jẹ́ bí ọmọ burúkú tó ń ṣe dáadáa lójú àlejò. Mo sunkún lórí àpótí yẹn. Wọ́n ní ẹ wò ó bí inú rẹ̀ ti dùn tó.

Nígbà tí a dá ẹ̀rọ náà padà, tí a lọ gbọ́ èsì, dókítà ní ọkàn mi dára, kò kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo ro ẹjọ́ mi fún un. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ náà kì í ṣe ti ilé ìwòsàn, tòun ni, ọ̀rẹ́ òun kan ló fi ránṣẹ́ láti òkè òkun. Òun sì ń lọ ṣiṣẹ́ ní Saudi lóṣù náà, òun ń gbé e lọ. Mo fẹ́ bínú sí i. Mo wá rí bàtà rẹ̀ tó la ẹnu, ni mo bá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ọkàn rẹ̀ dára” nìkan ni ọkọ mi mú délé. Ìyé bú sórin. Ọjọ́ Ìsinmi, a gbé kẹ́ẹ̀gì epo kan, epo ọjọ́ yẹn gan-an, lọ fi dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyé ló ṣáájú, èmi tẹ̀lé e, àwọn obìnrin àáró wà lẹ́yìn wa, a ń jó lọ síwájú pẹpẹ. Ijó náà gbóná. Òógùn bò mí.

Ọkàn mi kọsẹ̀.

Mo di bẹ́ǹṣì mú. Ó dákẹ́, ó sáré, ó tún dákẹ́. Ẹnì kan ní, “Ẹ jẹ́ kó sunkún ayọ̀ rẹ̀.” Mo fa ọwọ́ Ìyé, mo gbé e lé àyà mi. Ó ṣì ń jó, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró. Ẹ̀rín tán lójú rẹ̀. Ó tẹ ọwọ́ náà mọ́ mi láyà, ó ń wo ojú mi.

Ó ní, “Ẹ̀rọ yẹn dà?”

Mo ní, “Ó ti lọ, Ìyé.”

Kò gbé ọwọ́ kúrò. Lẹ́yìn wa, àwọn obìnrin àáró ń jó bọ̀, wọ́n ní kí a sún síwájú.