Gáùn Àrán Ẹ̀gbọ́n Mi

Òórùn epo pupa ló máa ń gba ìlú wa Igbodigo kan láyé ìgbà náà, torí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹ̀yìnkùlé tí wọn kì í ti í se ẹyìn. Àmọ́ ní ìrọ̀lẹ́ tí ọkọ̀ sinimá ìjọba wá sí pápá ilé ìwé wa, òórùn bẹntiróòlù ẹ̀rọ wọn bo ti epo mọ́lẹ̀. Ogun abẹ́lé ti bẹ̀rẹ̀, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sì wà lójú ogun. Aránṣọ ni ẹ̀gbọ́n mi, òun ló rẹwà jù nínú gbogbo wa, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má dá a lóhùn. Bí obìnrin òyìnbó inú sinimá náà ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, tó wọ gáùn tó fún un níbàdí, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Wo bí wọ́n ṣe gé ìbàdí ẹ̀. Màá rán irú ẹ̀." N ò rántí ìtàn sinimá náà mọ́. Aṣọ yẹn nìkan ni mo rántí.

Ọkọ rẹ̀ ti ránṣẹ́ pé kó ya fọ́tò fún òun, kí òun lè máa rí i wò níbi tí òun wà. Ìdí nìyẹn tó fi lọ ra àrán ní Òkìtìpupa. Dúdú la rí nínú sinimá, dúdú la rà. Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ojú ìgé lórí ilẹ̀ ilé bàbá wa, ó ń dijú kó lè rántí bí apá gáùn náà ṣe rí, èmi ló sì ń wọ̀ ọ́ sí lára títí ó fi gún régé. Ó dùn mọ́ ọn débi pé ó ń kọrin.

Lọ́jọ́ tí à ń lọ sọ́dọ̀ ayàfọ́tò, a pàdé ìyá ọkọ rẹ̀ lójú ọ̀nà. Aládùúrà ni ìyá náà, ó ń ti ìsìn àárọ̀ bọ̀ nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà. Ó dúró gbagidi.

"Ta ló kú?"

"Ìyá, kò sẹ́ni tó kú o. Fọ́tò ni mo fẹ́ lọ yà fún ọmọ yín. Ti sinimá ni."

"Ọma mi éè tíì kú, o ti ń ṣe opó ẹ̀!"

Ó kúnlẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀, ó ń ké pe orúkọ ọmọ rẹ̀ sí Ọlọ́run, àwọn èèyàn sì pé lé wa lórí. Ẹ̀gbọ́n mi padà sílé, ó bọ́ gáùn náà, kò sì ya fọ́tò kankan.

Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ ni sójà méjì mú ìròyìn ikú ọkọ rẹ̀ wá. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ ìbọn. Wọ́n fá orí ẹ̀gbọ́n mi, ìyá ọkọ rẹ̀ sì ní, "Èyí tóo ti rán sílẹ̀ náà ni kóo wọ̀." Ó wọ̀ ọ́. Ó fi gáùn obìnrin òyìnbó inú sinimá gúnyán, ó fi fọ abọ́, ó fi jókòó nídìí máṣíìnì nínú ooru, ó fi ìró bo èjìká tó ṣí sílẹ̀, etí gáùn sì ń gbá eèpo iṣu kiri àgbàlá. Nígbà tí ọ̀fọ̀ parí, àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ dáná sun gáùn náà, wọ́n ní kó máa lọ, wọ́n sì gba ọmọbìnrin rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin ni ọmọ náà ń pè ní ìyá títí tó fi dàgbà. Ọ̀rọ̀ náà ń bí mi nínú dòní olónìí.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, mo rí òṣèré kan náà nínú ìwé ìròyìn àtijọ́ kan ní ìsọ̀ onídìrí l'Ékòó. Àtẹ̀gùn yẹn náà ni, gáùn yẹn náà ni, àmọ́ pupa fòò ni. Sinimá ìgbà náà ni kò ní àwọ̀ mìíràn ju dúdú àti funfun lọ. Mo tọrọ ìwé náà, mo gbé e lọ fún ẹ̀gbọ́n mi nílé, mo rò pé yóò tù ú nínú.

Ó wò ó pẹ́, ó sì dá a padà fún mi.

"Ká ní pupa ni mo wọ̀ lọ́jọ́ náà, wọn ì bá ní ẹ̀jẹ̀ ọkọ mi ni mo rán láṣọ."

Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ náà ló tó yé mi. Ẹni tí ikú bá ṣe níbi kì í rí ikú mú. Ẹni tó bá wà nítòsí ló máa ń mú, ohun yòówù tí onítọ̀hún ì báà wọ̀.