Ohun tí Jẹ́láàní ní òun lè ṣe

Ní ọdún kejì òmìnira ni Jẹ́láàní já bọ́ lórí ọ̀pẹ ní abúlé Lagbé. Orí ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ ni wọ́n tẹ́ ẹ sí tí wọ́n fi gbé e dé ilé ìwòsàn Ifangni. Eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ti yẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì gbọ́ tirẹ̀ mọ́.

Ibùsùn mẹ́jọ péré ló wà níbẹ̀. Lọ́jọ́bọ̀, Philomène, nọ́ọ̀sì wọn, a máa yẹ aláìsàn wò: ta ló lè wẹ̀ fúnra rẹ̀, ta ló lè wọṣọ, ta ló lè dé ilé ìyàgbẹ́ láìsí ẹni tó dì í mú. Ẹni tó bá lè ṣe gbogbo rẹ̀, á kọ ọ́ sínú ìwé, onítọ̀hún á sì gbalé lọ.

Lọ́sẹ̀ kẹfà, aláìsàn mẹ́ta wà lórí ẹní nílẹ̀, wọ́n ń retí ibùsùn. Sìdíkátù, ìyàwó Jẹ́láàní, rọra bá Philomène sọ ọ́ pé òun lòun ń gbé ọkọ òun lọ yàgbẹ́ láràárọ̀, oyún sì wà nínú òun. Ṣùgbọ́n Jẹ́láàní ní òun ń lọ sílé. Ó jókòó, ó wọ bùbá, òógùn bò ó. Ó di irin ibùsùn mú, ó nàró, apá rẹ̀ ń gbọ̀n.

“Ẹ rìn dé ẹnu ọ̀nà, Bàbá,” ni Philomène wí.

Jẹ́láàní wò ó. “Màdáàmù, ẹ má jẹ́ kí n rìn lójú àwọn èèyàn wọ̀nyí. Mo ní mo lè rìn.”

Àánú rẹ̀ ṣe Philomène. Ó tún wo àwọn tó wà nílẹ̀. Ó kọ ọ́ pé ó lè rìn.

Lẹ́yìn oṣù méjì, Philomène lọ gún àwọn ọmọ Lagbé lábẹ́rẹ́, ó sì béèrè ilé Jẹ́láàní. Òórùn ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Egbò ti jẹ ìdí ọkùnrin náà wọ eegun. Sìdíkátù ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kò lágbára àtiyí i padà lórí ẹní. Philomène fọ egbò náà, ó bẹ Jẹ́láàní pé kó jẹ́ kí wọ́n gbé e padà sí Ifangni. Jẹ́láàní kọjú sí ògiri.

Sìdíkátù kò pariwo. “Mo sọ fún yín, Màdáàmù,” ló wí, ó sì ń fọ́mọ lọ́mú.

Ọjọ́ kẹrin ni Jẹ́láàní kú. Wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀.

Philomène lo ọdún mọ́kànlá sí i lẹ́nu iṣẹ́ náà. Kò kọ ohun tí kò fojú rí mọ́. Bí aláìsàn ń sunkún, bí ojú ń tì í, yóò ní kó dìde, kó rìn. Wọ́n ní ìkà ni. Kò bá wọn jiyàn.