Ìkòkò Ilá Tí Mo Dé

Ìyàwó mi nìkan ló lè gbé oúnjẹ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kó sì jẹ ẹ́. Ìyá náà ti lé ní àádọ́rin ọdún, ọ̀dọ̀ wa ní Ìlọrin ló sì ń gbé. Dókítà ti ṣàlàyé fún wa pé kì í ṣe wèrè, kì í sì í ṣe ọjọ́ ogbó. Bí ìwà rẹ̀ ṣe rí láti ìgbà èwe nìyẹn: kò lè fọkàn tán ẹnikẹ́ni. Ìyàwó mi á kọ́kọ́ bu òkèlè kan jẹ níṣojú rẹ̀, wọ́n á ṣàwàdà díẹ̀, oúnjẹ á sì wọlé.

Lẹ́yìn tí a sin ìyàwó mi, ìyá kọ gbogbo oúnjẹ, àfi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ bó. Àwọn ẹbí ní tó bá fi máa di Sátidé tí kò tíì jẹun, àwọn á wá gbé e lọ sí Ọ̀mù-Àrán. Kò sí ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀. Èmi náà kò sì fẹ́ kí ilé tún ṣófo sí i.

Mo lọ ra ilá ní ọjà Ìpàtà, mo sì pè é sí kíṣìnnì kó wá máa wò mí. Ó gbé àpótí jókòó, ó ń ṣọ́ ọwọ́ mi bí ẹni ń ṣọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nínú ìdánwò. Iṣẹ́ tíṣà ni mo mọ̀, n kò dá ọbẹ̀ sè rí. Mo rẹ́ ilá, mo sọ iyọ̀ sí i, mo wá fi ọmọrí dé ìkòkò pa. Ìyá fa àpótí rẹ̀ sún mọ́ iná. Ilá hó, ó dà sórí sítóòfù, ó sì pa iná. Èyí tó ṣẹ́kù kò yọ̀ rárá. Ẹ̀bà mi ní tirẹ̀, kókó ló kún inú rẹ̀.

Mo bu òkèlè, mo jẹ ẹ́ níwájú rẹ̀. Mo gbìyànjú kí n má fajú ro, ṣùgbọ́n ojú kò gbọ́ tèmi.

Ó ní, "Tíṣà, mo ti rò pé ẹ fẹ́ pa mí ni. Ẹni tó bá fẹ́ pa èèyàn á se ohun tó ṣeé gbé mì."

Ẹ̀rín bú mọ́ mi lẹ́nu, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú. Òun náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Ó ní kí n kúrò nídìí iná, ó gba ìgbakọ lọ́wọ́ mi, ó fúnra rẹ̀ se ọbẹ̀ mìíràn, a sì jọ jẹ ẹ́.

Nígbà tí àwọn ẹbí dé ní Sátidé, ìdí abọ́ ni wọ́n bá a, ó ń jẹun. Wọ́n ṣì ní kó di ẹrù rẹ̀.

Ó bi wọ́n pé, "Ta ni kí n fi Tíṣà sílẹ̀ fún? Ilá lásán ti borí wọn."

Wọ́n padà láìgbé e. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní mo ti jí bàtà òun. A jọ ń wá a káàkiri ilé, ó ń bú mi, mo ń dáhùn pé "Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ẹ̀rín kò sì jẹ́ kí n lè wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì dáadáa.